Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́: ìbéèrè àwọn òbí àti ìdáhùn wọn

Bí oyún bá ti ń dàgbà ni ẹrù ọmọ ń kún inú yàrá: aṣọ, ìlédìí, báàfù, póò. Nínú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀dì nìkan ni a óò gbé ọmọ lé, tí a óò pa iná, tí a óò sì sùn lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìmọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Síbẹ̀, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ń fi àwọ̀ àti òdòdó ara rẹ̀ yàn. Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ẹni tí ó fẹ́ ra tuntun, ẹni tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún káfíńtà, ẹni tí wọ́n fi ti ẹ̀gbọ́n ọmọ ta lọ́rẹ, àti àwọn ènìyàn wa tí ń rà á ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ohun tí ń ṣe ọmọ ní jàǹbá lórí bẹ́ẹ̀dì kò yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì.

Ṣé dandan ni kí ọmọ ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ ìyá wa ni gbogbo wa sùn.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn ìyá wa ń tẹ́ ọmọ lé. Ẹní ni, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, pẹ̀lú ìró kan tí wọ́n ká lé e. Kò sí fóòmù tí ń rì, kò sì sí ìrọ̀rí mẹ́rin. Ibùsùn tí ọ̀pọ̀ wa ń sùn lé lónìí nípọn, ó rọ̀, kúbùsù orí rẹ̀ wúwo, bàbá ọmọ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Sísùn ti ìyá kò yí padà, ibùsùn ni ó yí padà, ibẹ̀ sì ni ewu gbà wọlé.

Àjọ Lullaby Trust ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí dídènà ikú òjijì ọmọ ọwọ́ lójú oorun, kìlọ̀ pé kí òbí má ṣe bá ọmọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà bí ọ̀kan nínú wọn bá ń mu sìgá, bí ó bá ti mu ọtí tàbí oògùn tí ń múni sùn, bí a bá bí ọmọ náà kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé, tàbí bí kò bá tó kílò 2.5 nígbà tí a bí i. Àga onítìmùtìmù inú pálọ̀ tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀dì lọ: ẹni tí ó bá sùn lọ pẹ̀lú ọmọ lórí rẹ̀ lè sọ ewu ikú òjijì di ìlọ́po 50. Nítorí náà, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú lóru, tí oorun sì ń kùn ún, kí ó má ṣe jókòó sórí àga náà rárá.

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà bára mu: kí ọmọ ní ojú ibùsùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó kéré tán. Ẹ ó gbọ́ èémí rẹ̀, ọmú kò sì ní jìnnà sí i. Yàrá ọmọ tí a kùn ní àwọ̀ búlúù tàbí píǹkì lè dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Ìwọ̀n wo ni kí a máa wò bí a bá dé ọjà?

Ẹ mú tépù dání. Àlàfo àárín àwọn ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Òṣùwọ̀n tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ EN 716, sọ pé àlàfo náà kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 4.5, kò sì gbọdọ̀ ju 6.5 lọ, ti Amẹ́ríkà kò gbà ju nǹkan bíi 6 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé orí ọmọ ọwọ́ tóbi ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Bí àlàfo bá fẹ̀, ẹsẹ̀ àti ìbàdí lè gba ibẹ̀ yọ síta, kí orí wá há, kí ọmọ sì máa fi ọrùn rọ̀. Bí ó bá sì há jù, apá tàbí itan rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ kí ó má lè yọ mọ́. Bí ẹ bá gbàgbé tépù sílé, agolo mínírà tí ó sanra, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbòde báyìí, fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.6: bí ó bá gba àárín ọ̀pá méjì kọjá, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Gíga ni ó kàn. Bí pákó ìsàlẹ̀ bá wà ní ìpele tí ó rẹlẹ̀ jù lọ, láti ojú fóòmù dé orí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 50, kí ọmọ tí ó ti ń dìde dúró má baà dojú kọ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì náà mú, kí ẹ sì mì í bí ọmọ tí ń bínú ṣe ń mì í. Èyí tí ó bá ń dún lọ́jà kò ní dákẹ́ bí ó bá délé.

Ní ti títóbi, oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: èyí tí fóòmù rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 sí 60, tí ọmọ ń lò fún bí ọdún méjì, àti èyí tí ó jẹ́ 140 sí 70, tí a lè tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó di bẹ́ẹ̀dì ọmọdé títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tí ó tóbi kò ní ààbò ju kékeré lọ. Bí yàrá yín bá há, tí ẹ ó fi máa fi ara gún igun bẹ́ẹ̀dì lóru, ẹ ra kékeré.

Káfíńtà àdúgbò wa mọṣẹ́, owó rẹ̀ sì dín. Ṣé a lè ní kí ó bá wa ṣe é?

Ẹ lè ní kí ó ṣe é, tirẹ̀ sì lè dára ju ti ọjà lọ, bí ẹ bá fún un ní ìwọ̀n dípò àwòrán. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé a ó fi àwòrán orí fóònù han káfíńtà, a ó ní irú èyí ni a fẹ́, òun náà á sì máa fi ojú díwọ̀n àlàfo ọ̀pá. Igi wọ́n, bí igi bá sì ṣe dín tó ni àlàfo ń fẹ̀ tó. Ẹ kọ sẹ̀ǹtímítà 6 sórí ìwé fún un, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó gé pátákó kékeré kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 6 gẹ́lẹ́, kí ó máa fi í sáàárín ọ̀pá kan àti èkejì bí ó ṣe ń tò wọ́n. Pátákó kékeré yìí kò ní ná a ní kọ́bọ̀, kò sì sí tépù tí ó dà bí rẹ̀.

Igi tí yóò lò gbọ́dọ̀ ti gbẹ dáadáa. Igi tútù á lọ́, á sì là bí ọyẹ́ bá dé, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ á wá máa yí nínú ihò rẹ̀ títí yóò fi yọ. Ìrókò àti ọ̀ganwó le, wọ́n sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo. Afárá fúyẹ́ jù wọ́n lọ, ó sì tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ó lu ihò sí igi òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ó fi gúlùù ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Kí ó má ṣe fi ìṣó kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́, nítorí pé bí igi bá ṣe ń gbẹ ni orí ìṣó ń yọ. Bóòtì ni kí ó fi so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ lè máa fún un bí ó bá dẹ̀.

Ohun tí káfíńtà wa fẹ́ràn láti fi dárà ni kí ẹ kọ̀ fún un. Kí orí ọ̀pá igun má ṣe rí bí adé tàbí bí ẹyin. Kí ó gé e dọ́gba pẹ̀lú etí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé ọrùn aṣọ ọmọ tàbí okùn lè kọ́ ọ, bí ó bá sì kọ́ ọ tán, ọmọ kò mọ bí a ti ń tú u. Kí ó má ṣe gbẹ́ ọnà oníhò sí ibi orí, níbi tí ìka tàbí orí lè há sí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fẹ́ fi hàn. Kí ó fi í hàn lára àga bàbá ọmọ.

Ọ̀dà ni ó kù. Ọmọ tí ń hu eyín a máa jẹ etí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń jẹ àgbàdo, ohunkóhun tí ẹ bá sì kùn ún á wọ inú rẹ̀. Òjé tí wọ́n ń pò mọ́ àwọn ọ̀dà kan ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ohun tí ó sì bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ ra ọ̀dà olómi tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé kò ní òjé nínú, kí ẹ sì jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì gba afẹ́fẹ́ níta títí òórùn ọ̀dà yóò fi tán pátápátá. Ní tèmi, igi tí a fi sáńpépà fá dáadáa, tí a kò kun ohunkóhun, ni mo yàn láàyò.

Bẹ́ẹ̀dì tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan máa ń sọ̀ kalẹ̀, kí ìyá má baà tẹ ẹ̀yìn jù kí ó tó gbé ọmọ. Ó rọrùn, ó sì wọ́pọ̀ nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n ike àti irin tí ó gbé ẹ̀gbẹ́ náà dúró a máa gbó, a máa kán, ẹ̀gbẹ́ á wá yọ ní igun kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, ọmọ á sì yọ́ sínú àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ àti fóòmù. Ó lé ní 30 ọmọ tí ó kú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, kí Consumer Product Safety Commission, àjọ tí ń mójú tó ààbò ọjà níbẹ̀, tó fi òfin dá ṣíṣe rẹ̀ àti títà rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2011. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà níbẹ̀ mọ́ lè bá ẹrù inú kọ̀nténà dé ọ̀dọ̀ wa, kí ó wà lórí ìtẹ́ ní etí títì bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, bí ó ti wù kí ó dán tó, ẹ kọjá lọ.

Bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá sọ̀, ẹ wá ìwé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, tí ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀. Ẹ ka àwọn bóòtì rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, okùn, wáyà àti ìṣó kò lè rọ́pò rẹ̀. Bóòtì irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wá. Bí ọ̀dà bá ń ṣí lára rẹ̀ bí èèpo, a jẹ́ pé ó ti pẹ́, òjé sì lè wà nínú rẹ̀: ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ká òjé kúrò nínú ọ̀dà ilé.

Fóòmù tòkunbọ̀ ni kí ẹ má ṣe rà. Ẹ kò mọ iye ìtọ̀ tí ó ti mu, ẹ kò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó nínú ọ̀rinrin lójú omi, ibi tí ọmọ àkọ́kọ́ sì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní dìde fún èkejì. Ti inú ẹbí sàn díẹ̀, bí ó bá ṣì le, tí ìbòrí rẹ̀ tí omi kì í gbà kò ya, ṣùgbọ́n bí owó bá wà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Irú fóòmù wo ni ó tu ọmọ lára?

Ibí yìí ni ojú àgbàlagbà ti ń tan ni jẹ. Ohun tí ó rọ̀ ni a ń pè ní ìrọ̀rùn, nítorí pé egungun ń dùn wá, èjìká wa sì wúwo. Ọmọ tí kò ju kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ kò ní ìṣòro yẹn. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé bí ojú rẹ̀ bá rì sínú ohun tí ó rọ̀, kò ní agbára ọrùn tí yóò fi gbé e kúrò. Afẹ́fẹ́ tí ó ti mí síta ni yóò tún máa mí sínú, láìké, láìjà. Nítorí náà, fóòmù tí ó le, tí ó tẹ́jú, ni ó tu ọmọ lára.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní àárín àti ní etí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ọwọ́ yín bá ṣì hàn, ó ti rọ̀ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Mouka àti Vitafoam ń ṣe fóòmù ní oríṣiríṣi líle, àwọn tí ń gé fóòmù lọ́jà náà sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí ó le. Ìnípọn íǹṣì mẹ́rin tó. Bí ẹ bá ra ti íǹṣì mẹ́jọ, ṣe ni ẹ gbé ọmọ ga tí ẹ sì gé ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kúrú.

Ó gbọ́dọ̀ kún inú bẹ́ẹ̀dì náà. Bí ìka méjì bá wọ àárín fóòmù àti ẹ̀gbẹ́, ó kéré jù, ojú ọmọ sì lè há síbẹ̀. Ẹ má ṣe fi aṣọ ká di àlàfo náà. Ẹ pààrọ̀ fóòmù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá nọ́ńbà BS EN 16890 lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ọ̀rá rẹ̀. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn kí fóòmù tuntun wà nínú ọ̀rá kí ìtọ̀ má baà bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ó bá lẹ̀ mọ́ imú ọmọ kì í jẹ́ kí ó mí. Ìbòrí tí omi kì í gbà, tí ó fún mọ́ fóòmù, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ́ bẹ́ẹ̀ṣíìtì aláṣọ kan, tí etí rẹ̀ ní rọ́bà tí ń fà, lé e.

Kí ni kí a kó sórí bẹ́ẹ̀dì náà?

Ọmọ.

Ìrọ̀rí, tìmùtìmù tí wọ́n ń so yí ẹ̀gbẹ́ ká, bèbí onírun, àti kúbùsù tí ó ń fò, kí gbogbo wọn kúrò títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan. Tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ ni ó le jù láti gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá, nítorí wọ́n rò pé ó ń dáàbò bo orí ọmọ. Orí tí ó kan igi díẹ̀ kò ní ju kí ọmọ ké lọ. Ojú tí ó bá lẹ̀ mọ́ tìmùtìmù kì í ké. Amẹ́ríkà fi òfin dá títà rẹ̀ dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, pẹ̀lú gbogbo ohun ìsùn ọmọ ọwọ́ tí ibi orí rẹ̀ ga sókè ju dígírì 10 lọ.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ra odidi rẹ̀ fún yín, pẹ̀lú ìrọ̀rí olókàn àti kúbùsù tí ó bá a mu, ẹ tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ ìkómọjáde, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Okùn kankan kò gbọdọ̀ wà lọ́rùn ọmọ tí ń sùn, ìbáà ṣe ẹ̀gbà wúrà, ìbáà ṣe okùn ońdè tí ìyá àgbà so. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó wà nítòsí ọmọ, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó.

Bí kò bá sí kúbùsù, ṣé òtútù kò ní mú un?

Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ooru ni kí ẹ bẹ̀rù ju òtútù lọ. Ooru àpọ̀jù wà lára àwọn ohun tí ń fa ikú òjijì ọmọ ọwọ́. Ìwọ̀n 16 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ni Lullaby Trust ń fẹ́ fún yàrá ọmọ. A mọ̀ pé àárọ̀ kùtùkùtù nìkan ni ojú ọjọ́ wa ń sún mọ́ ọn, nítorí náà aṣọ ni kí a dín. Ẹ wọ aṣọ kan fún ọmọ, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ yàrá, kì í ṣe ojú ọmọ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ a máa tutù láìṣe pé òtútù ń mú un. Àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn: bí ó bá ń làágùn, ẹ bọ́ nǹkan kúrò.

Fìlà ni ìjà ńlá. Orí ni ọmọ ọwọ́ ń gbà tu ooru ara rẹ̀ dànù, fìlà tí ó bá sì yọ́ wá sílẹ̀ lóru á bo imú. Ní ìta, lọ́wọ́ àárọ̀, kí ìyá àgbà dé e fún un. Nínú bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n dárí jì wá.

Àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà òtútù lè ra àpò ìsùn ọmọ tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, tí orí kò lè yọ́ sínú rẹ̀. Bí kúbùsù ni ẹ ní, kí ó fẹ́lẹ́, kí ẹsẹ̀ ọmọ kan ìparí bẹ́ẹ̀dì, kí kúbùsù náà má ga ju èjìká lọ, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù.

Ṣé kí ọmọ dojú bolẹ̀ ni tàbí kí ó nà gbalaja? Bí ó bá ń pọ ọmú, ṣé kò ní fún un lọ́rùn?

Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi lélẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń sùn, lọ́sàn-án àti lóru. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1991, ikú òjijì ọmọ ọwọ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, títí ó fi dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1994, tiwọn náà sì dín kù ní nǹkan bí ìdajì.

Ní ti pípọ̀, ìbẹ̀rù náà ní ìpìlẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n bí ara ṣe rí kò gbè é. Bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ni ó wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ni ó wà nísàlẹ̀. Wàrà tí ó bá sì gòkè wá gbọ́dọ̀ pọ́n òkè kí ó tó lè wọ ọ̀nà èémí. Bí ó bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà èémí á bọ́ sísàlẹ̀, wàrà á sì máa ṣàn lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìwé tàbí ìrọ̀rí gbé ibi orí bẹ́ẹ̀dì sókè.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé orí ọmọ á di pẹlẹbẹ. Ẹ máa yí ibi tí ó kọjú sí padà lálaalẹ́, kí ẹ máa fi ikùn rẹ̀ lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ó bá jí tí ojú yín sì wà lára rẹ̀, kí ẹ sì máa pọ̀n ọ́. Ẹ̀yìn ìyá kò tíì sọ orí ẹnikẹ́ni di pẹlẹbẹ.

Báwo ni a ṣe ń lo àwọ̀n ẹ̀fọn lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ?

Ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ibà ń pa ọmọ kékeré lọ́dọ̀ wa. Àwọ̀n tí wọ́n fi oògùn sí ni kí ẹ lò; bí ó bá jẹ́ tuntun, ẹ nà án sí ibòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó ta á. Ẹ so ó rọ̀ láti òkè, kí ó bo gbogbo bẹ́ẹ̀dì náà, kí ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù láti ìta ọ̀pá. Ó gbọ́dọ̀ le koko. Àwọ̀n tí ó bá rọ̀ sínú bẹ́ẹ̀dì á di ohun tí ọmọ ń fà, ohun tí ọmọ bá sì ń fà lè yí i lọ́rùn. Àwọ̀n kékeré tí ń ṣí bí agbòòrùn, tí kò sún mọ́ ara ọmọ, dára fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ti lè ta á nù, àkókò rẹ̀ ti tán.

Ṣé a lè fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́?

Ẹ má ṣe dán an wò. Káńfọ̀ funfun roboto tí a ń tà lọ́jà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò ní èròjà G6PD tó, èyí tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, jẹ́, àìtó èròjà yìí sì wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá láàárín ọmọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ tí ń bàjẹ́ ni ó ń mú kí ojú àti ara ọmọ pọ́n bí àtàrí òrombó, bí ó bá sì pọ̀ jù, á dé ọpọlọ, ó sì lè sọ ọmọ di adití tàbí arọ. Bẹ́ẹ̀ṣíìtì àti aṣọ tí ó ti bá káńfọ̀ gbé tẹ́lẹ̀, títí kan èyí tí ìyá àgbà kó ti abúlé bọ̀, ni kí ẹ fọ̀, kí ẹ sì sá sí oòrùn títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, kí ó tó kan ara ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé yìí, èyí ni mo rí tí àwọn òbí gbọ́ kéré jù.

Ibo nínú yàrá ni kí bẹ́ẹ̀dì wà?

Kí ó jìnnà sí okùn kọ́tìnnì, wáyà fáànù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ó má wà lábẹ́ aago tàbí fọ́tò ńlá tí a fi ìṣó kan ṣoṣo kọ́. Kí ó má sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí jẹnẹrétọ̀, ti yín tàbí ti aládùúgbò: gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tirẹ̀, ọmọ ni ó sì ń kọ́kọ́ mú. Bí aládùúgbò kò bá gbé e kúrò, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ọmọ lọ sí yàrá tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ilé.

Ìbejì ni Ọlọ́run fún wa. Ṣé bẹ́ẹ̀dì kan tó?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ tí Igbó-Ọrà wà. American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lullaby Trust gbà kí wọ́n jọ lo ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré gan-an, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tí wọn kò sì sún mọ́ra tó láti fi ọwọ́ bo ara wọn lójú. Bí Táíwò tàbí Kẹ́hìndé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara padà, ìpínyà dé. Ẹ má ṣe ká aṣọ tàbí fi ìrọ̀rí pààlà sáàárín wọn. Bí owó kò bá tó, ẹ ra bẹ́ẹ̀dì kékeré méjì dípò ńlá kan.

Bẹ́ẹ̀dì aláṣọ tí a ń ká, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, dára bí?

Ó dára, bí gbogbo ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti ń tì bá ti dún wọlé kí ẹ tó gbé ọmọ sí i. Fóòmù pẹlẹbẹ tí ó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò. Gbogbo ènìyàn ni ó ń rò pé ó ti tín-ín-rín jù, wọ́n á sì ra òmíràn kún un. Ẹ̀gbẹ́ aláṣọ a máa fà, ọmọ a sì yọ́ sáàárín rẹ̀ àti fóòmù kejì.

Ìgbà wo ni a óò rẹ pákó ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ìgbà wo sì ni ọmọ yóò kúrò nínú rẹ̀?

Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ dá jókòó, tàbí tí ó bá fi ọwọ́ àti orúnkún tì í dìde. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí yóò di ọ̀pá mú. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí ó lè gùn kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ máa fún àwọn bóòtì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí pé ọmọ tí ń fò sókè ń tú wọn díẹ̀díẹ̀.

Bí gíga ọmọ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 89, tàbí tí ẹ bá rí i tí ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò bí ó bá jẹ́ èyí tí a lè tú, tàbí kí ẹ gbé fóòmù rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ di ìṣó, bóòtì àti kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fún un sínú ọ̀rá kan, kí ẹ so ó mọ́ ara igi náà, kí ẹ sì kọ ọdún tí ẹ rà á sí i, kí ẹni tí ẹ bá fi ta lọ́rẹ lè mọ ohun tí ó gbà.